Iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi àti iṣẹ́ aṣáájú ètò ẹ̀kọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín olùkọ́ ọmọdé àti aṣáájú ètò ẹ̀kọ́?

Olùkọ́ ọmọdé ló ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ látàárọ̀ títí wọn yóò fi lọ sílé. Àjọ UNESCO ka ìgbà èwe yìí láti ọjọ́ ìbí dé ọmọ ọdún 8, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, wọ́n sábà máa ń pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà mẹ́rin: ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tí kò gbébì kan, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ti pé ọdún 3, àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ọwọ́ ọmọ oṣù mẹ́fà lè má mọ ti ọmọ ọdún mẹ́rin rárá. Nítorí náà, ẹ béèrè irú ọmọ tí wọ́n fẹ́ fà lé yín lọ́wọ́ kí ẹ tó gba iṣẹ́.

Aṣáájú ètò ẹ̀kọ́ ni wọn yóò bi léèrè tí ẹ̀kọ́ kò bá lọ dáadáa nínú kíláàsì. Òun ló ń wo bí àwọn olùkọ́ ṣe ń kọ́ni, tó ń tọ́ wọn sọ́nà, tó ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ iṣẹ́, tó ń ka àkọsílẹ̀ tí wọ́n kọ nípa àwọn ọmọ, tó sì ń pinnu ohun tí gbogbo wọn yóò gbájú mọ́ ní sáà tó ń bọ̀. Orúkọ oyè náà kò dọ́gba: olùdarí ẹ̀kọ́, olórí ẹ̀ka, igbákejì ọ̀gá, olùkọ́ atọ́nisọ́nà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Wọ́n lè pe èèyàn ní olùdarí ẹ̀kọ́, kó jẹ́ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ òbí tí yóò sì máa ka ọṣẹ inú yàrá ẹrù. Ẹ ka ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí gbólóhùn kan níbẹ̀ nípa wíwo olùkọ́ nínú kíláàsì àti bíbá a jíròrò lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń polówó.

Ṣé kì í ṣe ìtọ́jú ọmọ lásán ni? Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ?

Inú ìtọ́jú gan-an ni ẹ̀kọ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ wà. Ẹ wo olùkọ́ tó ń pààrọ̀ ìlédìí. Ó wo ọmọ lójú, ó ní, "Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè o," ó sì dúró. Láìpẹ́ ọmọ fúnra rẹ̀ gbé ẹsẹ̀. Olùkọ́ dá a lóhùn pé, "O ṣeun, o ti gbé e." Ọmọ yẹn gbọ́ ọ̀rọ̀, ó so ọ̀rọ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó fèsì, wọ́n sì tún fún un lésì. Olùkọ́ kejì náà pààrọ̀ ìlédìí, àmọ́ ó ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lórí ọmọ bí ẹni pé àpò ló wà níwájú rẹ̀. Iye ìṣẹ́jú kan náà ni àwọn méjèèjì lò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni aṣáájú ètò ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ lè rí, kó sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún olùkọ́ kejì láìdójú tì í.

Ìkéde iṣẹ́ mẹ́nu ba Montessori, òmíràn mẹ́nu ba Reggio Emilia. Ṣé ó yẹ kí n dààmú?

Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Róòmù lọ́dún 1907, ìlànà rẹ̀ sì ní ohun èlò tirẹ̀ àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ tirẹ̀ fún olùkọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀ lé e gidi, wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí Montessori fún àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ irú èyí tí ẹ fẹ́ kọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá wù ú lè kọ ọ́ sára pátákó. Ti Reggio Emilia yàtọ̀. Ìlú kan ní Ítálì ni, tí àwọn ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ wọn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí Loris Malaguzzi sì wá bá wọn ṣiṣẹ́. Ọ̀nà ìronú ni. Kò sí ìwé ẹ̀rí tó ń sọ èèyàn di "olùkọ́ Reggio", ẹ má san owó fún èyí tó bá ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí wo ni mo nílò?

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní gbogbogbòò, ìpele mẹ́ta ló wà: ìwé ẹ̀rí kékeré tó ń jẹ́ kí èèyàn ṣe igbákejì olùkọ́, dípúlọ́mà tó ń jẹ́ kó ní kíláàsì tirẹ̀, àti oyè yunifásítì. Àpẹẹrẹ ìpele kìíní ni ìwé ẹ̀rí CDA (Child Development Associate) ti Amẹ́ríkà: ẹ̀kọ́ wákàtí 120, iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ fún wákàtí 480, àkójọ ẹ̀rí, ìdánwò, àti ẹnì kan tí yóò wá wò yín lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ló ń lò kí wọ́n tó sọ ọ́ dọ̀tun.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àjọ tó ń fún olùkọ́ ní àṣẹ kò mọ̀ rí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ojú ìwé àjọ náà, ẹ wá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, àti ẹni tí yóò buwọ́ lu wákàtí yẹn. Ẹ̀kọ́ olùkọ́ ọmọdé tí kò ní wákàtí kankan pẹ̀lú ọmọ gidi jẹ́ àmì pé nǹkan kò rí bó ṣe yẹ.

Yàtọ̀ sí èyí, wọn yóò béèrè ìwé ọlọ́pàá tó fi hàn pé ẹ kò ní ọ̀ràn lọ́rùn, ìwé àyẹ̀wò ìlera, àti ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì tó jẹ́ ti ọmọdé ní pàtó. Ti àgbàlagbà kò tó, nítorí ọ̀nà tí a fi ń ran ọmọ ọwọ́ tí nǹkan há lọ́fun lọ́wọ́ yàtọ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ la ó gbá, àyà rẹ̀ la ó tẹ̀, a kì í tẹ ikùn rẹ̀. Ìwé yìí máa ń kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí yóò kú sílẹ̀, torí ó lè dá iṣẹ́ tuntun dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ọmọ mélòó ni olùkọ́ kan ń bójú tó?

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin sọ pé àgbàlagbà kan sí ọmọ 3 fún àwọn tí kò tíì pé ọdún méjì, àti àgbàlagbà kan sí ọmọ 5 fún ọmọ ọdún méjì. Ọmọ 4 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí i padà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Láti ọdún mẹ́ta lọ, ọmọ 8 ni, ó sì lè di 13 tí olùkọ́ tó gboyè bá wà níbẹ̀. Ibòmíràn á ní iye tirẹ̀.

Iye tó wà lórí ìwé kì í ṣe iye tó wà nínú yàrá. Àwọn kan máa ń ka ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì àti ẹni tó ń se oúnjẹ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ bá lọ wo ibẹ̀, ẹ má wo aago mẹ́wàá àárọ̀ tí gbogbo èèyàn wà ní ìjókòó. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀ lásìkò oúnjẹ tàbí nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jí lójú oorun, tí olùkọ́ kan wà ní tọ́lẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọmọ kan, tí ẹnìkejì lọ sinmi. Ẹ béèrè ní tààrà pé: "Ta ló ń gba ipò mi tí mo bá lọ jẹun?" Bí ìdáhùn bá ń fì, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Kí ló ń bà jẹ́ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ kan?

Ìgbà tí wọ́n ń kúrò nínú nǹkan kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ wo àwọn ọmọ ọdún méjì mẹ́wàá tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ẹni kẹrin ti fa irun ẹni kẹta, ẹni kẹfà ti bu ẹlòmíì jẹ. Olùkọ́ á ní ọmọ yẹn le. Kò le, ìdúró ló pọ̀ jù fún un. Ẹ jẹ́ kí mẹ́ta lọ, kí ìyókù máa bá eré wọn lọ, kí olùkọ́ kejì dúró níbi tí wọn yóò padà sí, kí ohun tí wọn yóò ṣe ti wà lórí tábìlì kí ẹni àkọ́kọ́ tó dé.

Ìjókòó yípo náà máa ń gùn ju bó ti yẹ. Ìṣẹ́jú bíi 10 tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Tí ẹ bá rí i tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀, ó ti kọjá. Eré tí wọ́n yàn fúnra wọn ní láti gùn, wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń wá ibi tí wọn yóò jókòó sí àti ẹni tí wọn yóò bá ṣeré. Bí ẹ bá gé e kúrú ní ìṣẹ́jú 20, ìgbà tó fẹ́ dùn lẹ gé e.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde lọ́dún 2019 pé kí ọmọ ọdún 1 sí 4 máa rìn kó máa sáré fún ìṣẹ́jú 180, ó kéré tán, lójúmọ́, pé kí ọmọ má wà nínú àga tí wọ́n so ó mọ́ fún ohun tó ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan, àti pé ọmọ ọdún 1 kò yẹ kó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n rárá. Ti ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ. Ẹ fi èyí wé ìlànà ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ fi hàn yín.

Wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọ fún ìṣẹ́jú 20 kí wọ́n tó gbà mí. Kí ni wọ́n ń wò?

Ara yín ni wọ́n ń wò ju ẹ̀kọ́ yín lọ. Ṣé ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín lè ṣe déédéé ti ọmọ? Ṣé ẹ béèrè orúkọ wọn, ẹ sì ń lò ó? Ẹ mú ohun kan ṣoṣo wá, fún ọmọ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ohun èlò náà fi méjì ju iye ọmọ lọ, nítorí ọ̀kan yóò já bọ́, ẹnì kan yóò sì fẹ́ ti ẹnìkejì rẹ̀. Omi nínú bàsíà, àwọn nǹkan tó ń léfòó àti èyí tó ń rì, tó. Ohun tó bá lè wọ inú ihò tó fẹ̀ tó mílímítà 32 kò gbọ́dọ̀ wà níwájú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó lè há a lọ́fun.

Àwọn tó pàdánù iṣẹ́ níbí sábà máa ń jẹ́ àwọn tó kó ìwé wá pé kí ọmọ fi àwọ̀ kùn ún, tàbí àwọn tí ọmọ kan ń sunkún ní igun yàrá tí wọ́n sì ń bá ẹ̀kọ́ lọ kí àkókò má baà tán. Ẹ fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ẹ lọ bá ọmọ. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ rí.

Wọn yóò tún béèrè pé: tí ọmọ bá sọ fún yín pé ẹnì kan ń ṣe é léṣe ńkọ́? Ẹ gbọ́ ọ láìfi ojú hàn pé ẹ̀rù bà yín. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má bi í ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ kọ gbólóhùn rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ yàn fún ààbò ọmọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá dáhùn pé òun yóò kọ́kọ́ pe òbí ti ṣàṣìṣe, nítorí a kò tíì mọ ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ àkíyèsí nípa ọmọ?

Èyí tó burú: "Ó ṣeré dáadáa lónìí, inú rẹ̀ dùn." Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi í ṣe. Èyí tó dára: "10:15. Ó to búlọ́ọ̀kù márùn-ún léra, ó wó. Ó wò ó fúngbà díẹ̀. Ó mú èyí tó fẹ̀ jù, ó fi sísàlẹ̀, ó to méje." Láti inú èyí, a mọ̀ pé ọmọ náà ti rí ìdí tó fi wó, a sì mọ ohun tí a ó gbé síwájú rẹ̀ lọ́la: búlọ́ọ̀kù tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra sí i. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta tó. Ẹ kọ ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́; èrò yín, ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀. Ẹ tún máa ka ìwé yín lópin ọ̀sẹ̀ kí ẹ lè rí ọmọ tí kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ni ẹ ó sábà bá pé ẹ ti gbàgbé.

Nígbà wo ni mo lè di aṣáájú ètò ẹ̀kọ́?

Lójú tiwa, ẹ kọ́kọ́ wà nínú kíláàsì fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, kí ó má sì jẹ́ ọmọ ọjọ́ orí kan náà ni ẹ bá ṣe jálẹ̀. Ẹni tí kò tíì bá ọmọ ọdún kan ṣiṣẹ́ rí, tó wá ń tọ́ olùkọ́ wọn sọ́nà, kì í pẹ́ tí àṣírí rẹ̀ fi máa ń tú. Kí oyè tó dé, ẹ máa gba àwọn iṣẹ́ tó jọ ọ́: ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá dánra wò sọ́dọ̀, ẹ gba àbójútó igun ìwé kíkà fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ẹ darí ìpàdé olùkọ́ fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ pa àkọsílẹ̀ wọn mọ́, pẹ̀lú bí nǹkan ṣe rí ṣáájú àti lẹ́yìn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́ olùkọ́ sọ́nà gan-an?

Ibí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó mọṣẹ́ ti ń ṣubú nígbà tí wọ́n bá di aṣáájú. Wọ́n wọ kíláàsì ẹlòmíì, nǹkan kò lọ, wọ́n sì gba kíláàsì náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ dákẹ́, olùkọ́ kò kọ́ nǹkan kan, ó sì tún ti tẹ́ lójú àwọn ọmọ.

Ẹ bá olùkọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ kí ẹ wò. Ẹ wọlé, ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ má kọ ìdájọ́. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀yin méjèèjì ti gbàgbé. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo jáde tí yóò dán wò, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ó padà wá. Láìsí ọjọ́ ìpadà yìí, gbogbo rẹ̀ di àyẹ̀wò lásán, àwọn olùkọ́ á sì máa bẹ̀rù bíbọ̀ yín.

Àpẹẹrẹ kan: olùkọ́ ní àwọn ọmọ òun kì í sọ̀rọ̀. Ẹ fa ìlà kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó bi wọ́n, apá ọ̀tún fún èyí tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó fún, bí "Àwọ̀ wo nìyí?", apá òsì fún èyí tí ọmọ gbọ́dọ̀ ronú sí, bí "Báwo lo ṣe mú kó dúró?" Tó bá rí 23 lápá ọ̀tún àti 2 lápá òsì, ẹ kò nílò láti sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìdúró. Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, fi hàn láwọn ọdún 1970 pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lẹ́yìn tó bá béèrè nǹkan, pé tó bá lè dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn máa ń gùn sí i. Kí olùkọ́ ka ení, èjì, ẹ̀ta sínú. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹ padà, ẹ tún fa ìlà.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó olùkọ́ ọmọdé kéré sí ti olùkọ́ àwọn ọmọ tó dàgbà, kò sí ìdí láti bò ó. Àwọn ohun tó ń mú un yàtọ̀ gan-an ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni àbí ti aládàáni, àti ìpele ìwé ẹ̀rí. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń san owó fún wákàtí tí ẹ fi ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀, fún ọjọ́ ìsinmi, àti fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ béèrè ẹni tó ń ra ohun èlò. Ní ti ipò aṣáájú, ẹ ṣọ́ra fún èyí tó fi oyè kún un tí kò sì yọ kíláàsì kúrò. Ẹni tó ní kíláàsì tirẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kò ní ráyè wo ẹnikẹ́ni. Kí iye wákàtí tí ẹ kò ní fi wà nínú kíláàsì tiyín lọ́sẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn.

Ọkùnrin ńkọ́?

Wọ́n ń gbà wọ́n, wọ́n sì wúlò. Ilé-ẹ̀kọ́ tó dára kì í ṣe òfin ọ̀tọ̀ fún ọkùnrin: ilẹ̀kùn onígíláàsì, pípààrọ̀ ìlédìí níbi tí olùkọ́ mìíràn ti lè ríran, fún gbogbo èèyàn.

Kí ló ń lé àwọn èèyàn kúrò nínú iṣẹ́ yìí?

Ẹ̀yìn, ohùn, àti òbí. Ẹ̀yìn, nítorí gbígbé ọmọ sókè lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ẹ fi orúnkún bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ní kí wọ́n ra tábìlì ìpààrọ̀ ìlédìí tó ní àtẹ̀gùn kí ọmọ tó ti ń rìn lè gùn ún fúnra rẹ̀. Ohùn, nítorí pípe ọmọ láti òdì kejì yàrá. Ẹ rìn lọ bá a. Ní ti òbí, ohun tó ń fa ìjà jù ni ọmọ tó bu ọmọ jẹ. Ẹ sọ fún òbí kó tó rí ojú ibẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ kó buwọ́ lù ú, ẹ má sì dárúkọ ọmọ tó bu jẹ láéláé, bó ti wù kó béèrè tó.

Àwọn onílé-ẹ̀kọ́ máa ń sọ pé ìwádìí ti fi hàn pé ẹ̀kọ́ ọmọdé ń mú kí èèyàn lówó lọ́wọ́ tó bá dàgbà. Ṣé òótọ́ ni?

Èyí tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni ìwádìí Perry, lórí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé kan ní Ypsilanti, ìpínlẹ̀ Michigan, láàárín 1962 sí 1967. Ọmọ 123 ló wà níbẹ̀, 58 lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, 65 kò lọ. Wọ́n tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi pé ọdún 40, ó sì hàn pé àwọn tó lọ ń gba owó tó pọ̀ jù, ọlọ́pàá kò sì mú wọn tó ti àwọn ìyókù. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé olùkọ́ ibẹ̀ gboyè, ọmọ bíi mẹ́fà péré ló wà fún olùkọ́ kan, olùkọ́ sì ń lọ sí ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ọmọ 20 fún olùkọ́ kan kò lè fi èsì yẹn polówó ara rẹ̀.

Mo ti gba ipò aṣáájú. Kí ni kí n ṣe ní oṣù àkọ́kọ́?

Ẹ wà nínú kíláàsì. Ẹ lo ó kéré tán wákàtí kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, ní àkókò tó yàtọ̀ síra, ẹ mọ orúkọ àwọn ọmọ, ẹ bá wọn pààrọ̀ ìlédìí, ẹ gba ipò olùkọ́ tó lọ jẹun. Ẹ má yí ètò padà, ẹ má kó fọ́ọ̀mù tuntun jáde; àwọn olùkọ́ ti rí aṣáájú tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń ní sùúrù títí yóò fi lọ. Ohun tó lè pa ọmọ nìkan ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fi di ọ̀sẹ̀ kejì: ọmọ ọwọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ sùn dípò kí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ìrọ̀rí nínú ibùsùn rẹ̀, géètì tí kò tì, oògùn tó wà níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Àwọn yẹn, ẹ tún wọn ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá rí wọn, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún olùkọ́ lọ́jọ́ náà.